Ọ̀bẹ Kan Ní Í Gbẹ́ Èkù fún Òmíràn

Lábẹ́ páànù tí ó yẹ kí mọ́tò máa sùn sí nílé wa, nítòsí 23 Road ní Festac, tábìlì iṣẹ́ kan ló dúró síbẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún ni gígùn rẹ̀. Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e wá láti ẹ̀yìnkùlé lọ́jọ́ tí mo parí rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sì sinmi lójú ọ̀nà. Mo lè fi ìfági fá pákó lórí rẹ̀ láti òwúrọ̀ di ọ̀sán, kò ní mì. Èmi ni mo kàn án. Èmi náà ni mo ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú irinṣẹ́ tó so mọ́ ògiri lókè rẹ̀.

Àwọn tó ń kọjá máa ń dúró wò mí. Ìbéèrè wọn kì í yàtọ̀: “Mọ́mì, èló lẹ ra àwọn nǹkan yìí?” Ìbéèrè yẹn ló mú mi kọ ohun tí ẹ ń kà yìí. Mo mọ ọ̀pọ̀ èèyàn ní Festac, ní Satellite Town, ní Máìlì Tú, tó wù láti ní ṣọ́ọ̀bù kékeré nílé. Wọ́n fẹ́ máa tún àga wọn ṣe, kí wọ́n kan ṣẹ́ẹ̀fù ìwé fáwọn ọmọ. Wọ́n dé ọjà, wọ́n gbọ́ iye tí wọ́n ń ta irinṣẹ́ òkè òkun, wọ́n sì padà sílé, ọ̀rọ̀ tán. Lójú tiwọn, owó ló ń ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ yẹn lè gbẹ́ èkù fún ọ̀bẹ kejì, kí ìkejì sì gbẹ́ fún ìkẹta. Bí ṣọ́ọ̀bù ṣe ń dàgbà nìyẹn. Ẹni tó ní ayùn kan, òòlù kan, ìfági kan àti tépù, ó ti ní ìyá tí yóò bí ìyókù.

Àpótí tó wúlò ju ẹ̀rọ inú rẹ̀ lọ

Ilé ìwé ni mo ti kọ́ ọgbọ́n yìí. Mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Introductory Technology, tí a máa ń pè ní Intro Tech, ni mo kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún àwọn tí kò mọ̀: ọdún 1977 ni ìjọba àpapọ̀ kọ́kọ́ tẹ ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè yìí jáde. Ọdún náà ni Èkó gba àlejò àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú, láti ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹẹrẹ sí ọjọ́ 12 oṣù Èrèlé. Nítorí àwọn àlejò yẹn ni wọ́n ṣe kọ́ Festac tí mò ń gbé yìí. Nígbà tí àlejò lọ, wọ́n fi ìbò pín àwọn ilé náà fún aráàlú. Ìlànà ẹ̀kọ́ yẹn ló bí ètò 6-3-3-4 (ọdún mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta ní girama kékeré, mẹ́ta ní girama àgbà, mẹ́rin ní yunifásítì), tó bẹ̀rẹ̀ ní 1982. Ohun tó wà nídìí rẹ̀ dára púpọ̀: kí gbogbo ọmọ tó bá wọ girama mọ bí a ṣe ń fi ọwọ́ ṣe nǹkan, kí ó di ayùn àti fáìlì mú, ìbáà ṣe ọmọkùnrin, ìbáà ṣe ọmọbìnrin.

Ìjọba kó ẹ̀rọ wọlé láti òkè òkun fún ẹ̀kọ́ Intro Tech. Ní ilé ìwé àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé mi lọ, mo bá àpótí onígi ńláńlá mẹ́sàn-án lábẹ́ igi máńgòrò. Ẹ̀rọ tí ń yí irin wà nínú òmíràn, ẹ̀rọ tí ń lu ihò wà nínú òmíràn. Kò sí iná mànàmáná ní ilé ìwé náà, kò sì sí ilé tí a lè tò wọ́n sí. Ìwé ìlànà tó bá wọn wá, a kò rí ẹnì kan tó gbọ́ èdè tí wọ́n fi kọ ọ́. Òjò ọdún kan rọ̀ lé wọn lórí, òjò ọdún kejì tún rọ̀. Nígbà tí a máa fi ṣí wọn, ìpẹtà ti mú irin wọn bí ìgbà tí ikán mú òpó ilé.

Mo dúró wo àpótí wọ̀nyẹn títí. Mo wá ṣàkíyèsí pé pákó tí wọ́n fi kàn wọ́n kò bàjẹ́. Pákó tó nípọn ni, tó gún régé. Mo bẹ ọ̀gá ilé ìwé fún oṣù mẹ́ta kó tó gbà pé kí n tú wọn. Èmi àtàwọn ọmọ kíláàsì kejì fi ẹ̀mú yọ ìṣó wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, a fi òòlù tọ́ ìṣó náà kó lè tún wúlò, a sì kan tábìlì iṣẹ́ mẹ́rin. Ọdún mọ́kànlá ni àwọn ọmọ fi ṣiṣẹ́ lórí wọn. Ẹ̀rọ inú àpótí kò kọ́ ọmọ kankan ní ohunkóhun. Àpótí ló kọ́ wọn.

Tábìlì ni àkọ́bí

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí lòun máa kọ́kọ́ ṣe, tábìlì ni mo máa ń sọ. Ọwọ́ kan kò lè di igi mú kó tún rẹ́ ẹ. Tábìlì ni ọwọ́ kẹta.

Ó gbọ́dọ̀ wúwo, ó gbọ́dọ̀ dúró gbọin, kí gíga rẹ̀ sì bá ara olówó rẹ̀ mu. Ẹ dúró ṣánṣán, kí ẹ fi ọwọ́ yín sílẹ̀ kó rọ̀ dẹ̀ẹ̀. Ibi tí egungun ọrùn ọwọ́ yín bá dé, kí ojú tábìlì dé ibẹ̀. Tèmi jẹ́ íńṣì méjìlélọ́gbọ̀n, torí mi ò ga. Bí tábìlì bá ga jù, èjìká ló máa san gbèsè rẹ̀. Bó bá kúrú jù, ẹ̀yìn ló máa san án. Nígbà tó bá ṣe wẹ́kú, gbogbo ara ni ẹ óò fi ti ìfági láti ìbàdí wá, kò ní rẹ apá nìkan. Tábìlì tí wọ́n ń tà lọ́jà, ara ẹlòmíràn ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n.

Ojú tábìlì mi, igi apá ni. Mo ra tú-báì-sirí mọ́kànlá ní Oko-Bàbá ní Èbúté-Mẹ́ta, ní etí ọ̀sà níbi tí gẹdú ti máa ń léfòó wá bá àwọn tó ń là á nígbà náà. Mo gbé wọn dúró ní ẹ̀gbẹ́, mo fá ẹ̀gbẹ́ wọn títí tí ọ̀kan fi lẹ̀ mọ́ èkejì láìsí àlàfo, mo sì fi gúlù funfun lẹ̀ wọ́n pọ̀. Mi ò ní kíláàǹpù tó lè di nǹkan tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ mú. Fọkanáísà kan nítòsí First Gate fún mi ní tíúbù mọ́tò tó ti lu. Mo gé e ní tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, bí ìka méjì ní fífẹ̀, mo fà á le, mo sì ń wé e yí igi náà ká. Ìwéǹwé kan kò lágbára. Tó bá di ogún, gúlù á máa yọ jáde létí igi fúnra rẹ̀. Rọ́bà yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Gbogbo àga tí mo ti tún ṣe láti ìgbà náà, òun ni mo fi dì wọ́n.

Ẹsẹ̀ tábìlì náà, férémù ilẹ̀kùn ìrókò ni, èyí tí wọ́n yọ nílé kan ní ojúlé kejì sí wa. Mo fi pákó so wọ́n pọ̀ nísàlẹ̀, mo sì to búlọ́ọ̀kù mẹ́rin sórí pákó náà kí ìdí rẹ̀ lè wúwo. Ohun kan wà tí mi ò ní gbàgbé láti sọ: ẹ má fi ìṣó kan ojú tábìlì mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ pinpin. Igi a máa mí. Ní àkókò òjò, á fẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Tí ọyẹ́ bá dé, á sún kì. Gígùn rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà, fífẹ̀ rẹ̀ ló ń yí. Mo lu ihò gbọọrọ fún bóòtì kó lè rí ọ̀nà sún lọ sún bọ̀. Tí a bá dè é pa, ojú igi á là.

Ẹni tí kò lágbára apá tàbí ìrókò, kó wá páálẹ́ẹ̀tì, pákó tí wọ́n ń to ẹrù lé kí wọ́n tó kó o sínú kọ̀ǹténà. Kò sí ibi tí páálẹ́ẹ̀tì ti pọ̀ tó agbègbè wa. Èbúté Tin Can kò jìnnà sí Máìlì Tú, ẹrù tó sì ń tibẹ̀ jáde ń kún ọjà Trade Fair. Kí ẹ tó rà á, ẹ wo àmì tí wọ́n fi iná tàbí tádà lù sí i lára. Bí ẹ bá rí HT, ooru ni wọ́n fi pa kòkòrò inú rẹ̀, ẹ máa gbé e lọ. Bí ó bá jẹ́ MB, gáàsì olóró ni wọ́n fín sí i. Ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ má sì fi í dáná oúnjẹ.

Ohun tí ń bá ọwọ́ rántí

Lẹ́yìn tábìlì ni ohun tí mo máa ń pè ní gáìdì. Gáìdì ni ohunkóhun tó ń di igi mú, tó sì ń fi ọ̀nà han ayùn, kí ìgbà ogún tí a gé e lè rí bákan náà pẹ̀lú ìgbà àkọ́kọ́.

Ẹ ti rí i rí, bí ẹ kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Ẹ lọ síbi tí wọ́n bá ti ń kọ́lé ní Amúwò-Ọ̀dọ̀fin, ẹ wo àwọn tó ń tẹ irin. Wọ́n á ti na pákó kan sílẹ̀, wọ́n á ti kan ìṣó gbàǹgbà mélòó kan mọ́ ọn níbi tí wọ́n ti wọ̀n sílẹ̀. Wọ́n á ki irin tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín ìṣó, wọ́n á fi páìpù tẹ̀ ẹ́ yí ká, ríìngì òpó kan ti jáde. Wọ́n á tẹ igba lóòjọ́, wọn kò ní fi tépù kan ọ̀kankan nínú wọn, gbogbo wọn á sì dọ́gba. Ìṣó wọ̀nyẹn ti bá wọn rántí ìwọ̀n. Kò sẹ́ni tó kó pákó yẹn wọlé láti òkè òkun, bẹ́ẹ̀ òun ló gbé ọ̀pọ̀ ilé Èkó ró.

Gáìdì tó rọrùn jù nílé mi, pákó pẹlẹbẹ kan ni, tó tóbi tó ìwé ìròyìn tí a ṣẹ́ po. Mo kan igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí abẹ́ rẹ̀ níwájú, mo kan òmíràn sórí rẹ̀ lẹ́yìn. Ti abẹ́ á kọ́ etí tábìlì, ti òkè ni mo máa ń ti igi tì. Bí mo bá ṣe ń fi ayùn ti igi náà síwájú, bẹ́ẹ̀ ni yóò túbọ̀ máa le mọ́ ibi tó wà. Kò ná mi ju wákàtí kan lọ.

Ní ọdún tó kọjá, mo kan àpótí ìjókòó méjìlá fún jẹ́léósinmi kan. Ẹsẹ̀ méjìdínláàádọ́ta nìyẹn, íńṣì mọ́kànlá lọ́kọ̀ọ̀kan. Tẹ́lẹ̀ rí, mo máa ń wọn ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Tépù á yẹ̀ díẹ̀ níhìn-ín, pẹ́ńsùlù á nípọn díẹ̀ lọ́hùn-ún, àpótí á sì máa jó lábẹ́ ọmọ. Lọ́tẹ̀ yìí, mo wọn íńṣì mọ́kànlá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lórí pákó yẹn, mo kan igi kékeré kan síbẹ̀ tí yóò máa dá ẹsẹ̀ dúró, mo sì ń gé e lọ. Nígbà tí mo kó gbogbo wọn dúró sórí ilẹ̀ símẹ́ńtì, mo fi àtẹ́lẹwọ́ gba orí wọn kọjá. Ó tẹ́ bí ojú tábìlì.

Ẹ wo irin, ẹ má wo iná

Àwọn kan rò pé bó ṣe kan irin, àfi kéèyàn rà á. Ìlá-Ọ̀ràngún ni wọ́n bí mi sí, ìlú agbẹ́gilére ńlá nnì, Lamidi Fakeye, ẹni tó gbẹ́ ère Odùduwà tó wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Ìpele mẹ́rin ni àwọn agbẹ́gilére Yorùbá ń tò lé ara wọn: ọnà lílé, tí wọ́n fi ń yọ odidi ère nínú igi, alétúnlé, tí ojú àti imú fi ń hàn, dídán, àti fínfín. Kò sẹ́ni tó ń fi ọ̀bẹ fínfín bẹ̀rẹ̀ ọnà lílé. Bákan náà ni ti ṣọ́ọ̀bù. Tábìlì ni ọnà lílé tiwa, gáìdì ni alétúnlé. Ìgbà tí ọwọ́ bá ti mọ̀ wọ́n la tó ń wá irin tó mú fún iṣẹ́ wẹ́wẹ́.

Nígbà tí mo nílò ṣísẹ̀lì tó fẹ̀ ní íńṣì kan àtààbọ̀, mo lọ sí ọjà páàtì mọ́tò ní Trade Fair, mo ra ègé sípíríìngì pẹlẹbẹ kan tó ti kán lábẹ́ ọkọ̀. Irin tó ń tẹ̀ lábẹ́ ẹrù, tó sì tún ń nà padà, ó ní agbára nínú. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá alágbẹ̀dẹ kan nílé, ní Ìlá. Mo kí i pé Ògún á gbè é. Ó ní, “Ìyá Tísà, ẹ jókòó. Ẹ wo irin, ẹ má wo iná.”

Ó lù ú títí ó fi rí bí ṣísẹ̀lì, mo sì fi fáìlì pọ́n ọn sí ìrísí tí mo fẹ́. Ó tún dá a padà sínú èédú títí ó fi pọ́n. Mo mú mágínẹ́ẹ̀tì kékeré kan dání láti Èkó; a fi kàn án, kò fà mọ́. Àmì nìyẹn pé irin náà ti gbóná dé ibi tó yẹ, tó bí 770 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ̀sì. Bàbá rì í bọ inú epo. Ó le wàyí, ó le jù, bí a bá jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀ ó lè ṣẹ́ bí àwo. Bàbá fi yanrìn pa ẹnu rẹ̀ kó dán, ó sì fi ẹ̀yìn rẹ̀ kan iná fẹ́ẹ́rẹ́. Àwọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí irin náà láti ẹ̀yìn wá síwájú: ó ràn bí koríko gbígbẹ, ó fẹ́ di àwọ̀ ilẹ̀. Bí àwọ̀ koríko gbígbẹ ti dé ẹnu rẹ̀ báyìí, ó tún rì í bọ epo. Ó ní, “Ó tó.” Àwọ̀ yẹn máa ń hàn ní bí 230. Bàbá kò ní ohun tí ń wọn ooru. Ojú rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n.

Ìrókò tó ṣẹ́kù lára ẹsẹ̀ tábìlì ni mo fi ṣe èkù rẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án rèé. Bí ẹnu rẹ̀ bá kú, mo mọ bí mo ṣe máa jí i, torí mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣọ́ ara yín. Ẹ fi gíláàsì bo ojú bí ẹ bá ń lo fáìlíìnì maṣíìnì. Ẹ fi nǹkan bo imú bí ẹ bá ń rẹ́ ìrókò, pàápàá mànsóníà, torí ekuru rẹ̀ a máa ta èèyàn nímú, a sì máa yún ara. Ní Festac tiwa yìí, atẹ́gùn omi kò jìnnà, ìpẹtà kì í sùn. Mo máa ń fi àkísà tó mu epo maṣíìnì ìránṣọ nu gbogbo irin mi kí n tó wọlé lálẹ́.

Ìlà méjì, ìlà kan

Àmì àjọ̀dún 1977 tí mo mẹ́nu bà lókè, èyí tí ayàwòrán Erhabor Emokpae yà, ojú Ìyá Ọba Idia ni, èyí tí wọ́n fi eyín erin gbẹ́, tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó lọ láti ààfin Bìní ní 1897. Nàìjíríà bẹ British Museum pé kí wọ́n yá wa ní ojú náà fún àjọ̀dún. Wọ́n kọ̀. Bìní ni wọ́n ti gbẹ́ òmíràn. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ ìtàn yìí ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ohun tí a kò rí yá la gbọ́dọ̀ ṣaláìní.

Ní oṣù Ògún tó kọjá, ọmọbìnrin kan tó ń gbé nítòsí wa, tó wà ní SS2, wá bá mi. Ó ní, “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní sìkúwíà yín.” Sìkúwíà onígi tí mo ṣe fúnra mi ló ń wí, èyí tí mo fi ń mọ̀ bóyá igun kan tọ́. Mo ní, “Ọmọ mi, mi ò ní yá ọ. Wá, kí o ṣe tìrẹ.” Mo fún un ní ègé apá àti ègé arère. Ó fẹ́ fi tèmi wọn tirẹ̀, mo ní rárá. Mo ní kó wá pákó tí etí rẹ̀ gún, kó fi èkù sìkúwíà rẹ̀ ti etí náà, kó fi ẹnu ọ̀bẹ fa ìlà kan. Kó wá yí sìkúwíà náà padà, kí ọwọ́ ọ̀tún di ọwọ́ òsì, kó sì tún fa ìlà láti ojú kan náà. Bí sìkúwíà bá tọ́, ìlà méjèèjì á di ẹyọ kan. Bí kò bá tọ́, wọ́n á là bí ẹnu sísọ́ọ̀sì, ìdajì àlàfo yẹn sì ni àṣìṣe rẹ̀.

Ti àkọ́kọ́ là tó ìnípọn igi ìṣáná. Ó fá a. Ìkejì ṣì là díẹ̀. Ó tún fá a. Nígbà kẹta, ó tẹ̀ ba, ó wò ó títí, kò rí ju ìlà kan lọ. Ó dìde, ó mú sìkúwíà tèmi lára ògiri, ó ní, “Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká dán tiyín náà wò.”

Òjò ti ń rọ̀ láti oṣù Òkúdù, igi tèmi ti mumi. Ìlà méjì ló jáde.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó yá mi ní tirẹ̀. Mo fi í ti ẹ̀gbẹ́ tèmi, mo wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń yọ láàárín wọn, mo sì fi ìfági gé ibẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ títí ìmọ́lẹ̀ náà fi parẹ́. Ọ̀bẹ ọmọ yẹn ló gbẹ́ èkù tèmi.